Bí a ṣe ń to ẹ́ńjìnnì alágbára tó máa pẹ́ fún mọ́tò asáré

Ẹni tó bá fẹ́ràn mọ́tò asáré á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó takora. Àwọn kan ní bí èèyàn bá ti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ó ti gé ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì náà kúrú nìyẹn, kò sì sí oògùn rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ sáà ra písítìn (irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò sílíńdà) àti kọ́nródì (apá irin tó so písítìn mọ́ kíráǹkì, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) tí wọ́n fi irin lílù ṣe, ẹ kó wọn sínú rẹ̀, ó parí. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú méjèèjì, àmọ́ kò sí èyí tó lè ran ẹni tó fẹ́ náwó lọ́wọ́ nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì kan lè ní agbára ẹṣin 400, kó máa gbé ẹni tó ni ín lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Òmíràn tó ní 400 kan náà lè fọ́ kí táyà tuntun tó jẹ tán. Orúkọ tó wà lára páálí àwọn páàtì tí wọ́n rà kọ́ ló sábà ń fa ìyàtọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe kápá ìgbóná ló ń fà á, bí ọ́ìlì ṣe ń dé ibi tó yẹ, àwọn àlàfo tín-ín-rín tí ojú lásán ò lè rí, àti ibi tí ẹni tó ni mọ́tò gbà láti dúró sí nígbà tí agbára ṣì wà nílẹ̀ tó lè fà.

Ibi tí agbára ti ń wá

Kí kílò epo kan tó lè jó tán, ó nílò nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́. Fífi epo kún un ò le: ẹ fi ìńjẹ́tọ̀ ńlá (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì) sí i, epo á wọlé. Afẹ́fẹ́ ni ìṣòro. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn èèyàn ń dá láti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, ọgbọ́n bí afẹ́fẹ́ púpọ̀ ṣe máa wọ inú sílíńdà láàárín ìṣẹ́jú kan ni. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ló sì wà: kí ẹ́ńjìnnì tóbi sí i, kó máa yára yí sí i, tàbí kí tọ́bò tàbí súpáṣájà máa ti afẹ́fẹ́ wọlé tipátipá.

Ẹ́ńjìnnì LS7 tí Chevrolet fi sínú Corvette Z06 ọdún 2006 gba ọ̀nà àkọ́kọ́: lítà 7.0, agbára ẹṣin 505, kò sí tọ́bò kankan. F20C tí Honda ṣe fún S2000 gba ọ̀nà kejì: lítà 2.0 péré, àmọ́ ó lè yí dé ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí wọ́n tà ní Jàpáànì sì ń mú 250 wá. 2JZ-GTE ti Toyota gba ọ̀nà kẹta: lítà 3.0, tọ́bò méjì, búlọ́ọ̀kù onírin tó nípọn débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti fa ju ìlọ́po méjì 280 tí wọ́n kọ sí i lára jáde láì tú ìsàlẹ̀ rẹ̀. (280 yẹn gan-an, àdéhùn ni. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò Jàpáànì ló fẹnu kò nígbà náà pé àwọn ò ní kọ iye tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní 320.) Àwọn ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yàtọ̀ síra pátápátá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá yàn án. Èyí tó tóbi ń gbàyè, ó sì ń wúwo. Èyí tó ń yára yí ń fa irin ya. Èyí tó ní tọ́bò ń bá ìgbóná jà.

Agbára ẹṣin tí ẹ ń gbọ́ yẹn, nǹkan méjì ló bí i: ipá tí kíráǹkì fi ń yí, àti iye ìgbà tó ń yí. Bí ipá náà bá jẹ́ 400 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn ipá ìyípo) nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní 3,000, kìlówáàtì 126 ni. Bí 400 Nm yẹn ò bá rẹlẹ̀ títí dé 6,000, ó ti di 251. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sáré ìdíje fi ń lépa ìyípo gíga. Lójú títì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àárín 2,000 sí 5,000 ni ẹ máa wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, torí náà ẹ́ńjìnnì tí ipá rẹ̀ pọ̀ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ibẹ̀ á dùn ún wà ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga àmọ́ tó ń sùn títí ó fi di 6,500. Mo máa ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ iye agbára tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ irú ìrìn tí mọ́tò náà á máa rìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó ra bóòtù kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ 400, ẹ to ẹ́ńjìnnì tó lè gbé 500, kí ẹ wá dúró sí 400. Èyí tó lè gbé 400 tí ẹ wá ń fa 400 jáde nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ti dé òpin okun rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ohun tí ìyípo gíga ń ṣe fún irin

Ẹ jẹ́ ká wo písítìn kan ṣoṣo nínú ẹ́ńjìnnì tí písítìn rẹ̀ ń rin mílímítà 86 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 8,000, písítìn yẹn ń dúró, ó ń yí padà, ó sì ń tún gbéra ní nǹkan bí ìgbà 267 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe dé òkè tó fẹ́ yí padà sísàlẹ̀, bí písítìn náà pẹ̀lú ríǹgì àti pínnì rẹ̀ bá wọn gíráàmù 400, ipá tó ń fa kọ́nródì ya níbẹ̀ ju ìwúwo ẹrù kílò 1,500 lọ. Bóòtù méjì ló ń di ìdérí kọ́nródì mú kí ó má bàa ṣí lọ́wọ́ gbogbo ìfàya yẹn.

Ipá yìí kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìyípo. Ẹni tó gbé òpin ìyípo kúrò ní 7,000 sí 8,000 á rò pé díẹ̀ lòun fi kún un, nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ipá tó ń fa kọ́nródì ti fi nǹkan bí ìdá 31 pọ̀ sí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bóòtù kọ́nródì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kódà kí ẹ tó ro ti kọ́nródì fúnra rẹ̀. Bóòtù tó dáa máa ń nà díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún un, bíi rọ́bà tó le gan-an, nínà yẹn ló sì fi ń di nǹkan mú. Bí wọn ò bá fún un tó, ìdérí á máa ṣí díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí kíráǹkì bá yí, bóòtù á rẹ̀, á sì já lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò retí. Sípánà tó ń ka ipá nìkan ò tó láti fi mọ̀ bóyá ó ti fún, torí pé bí ọ̀rá tó wà lára okùn bóòtù bá yàtọ̀, nọ́ńbà sípánà náà á tàn yín jẹ. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi gééjì wọn gígùn bóòtù kó tó fún un àti lẹ́yìn tó fún un, á sì kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má tún bóòtù àtijọ́ lò níbi yìí láéláé.

Fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti ẹ̀fín ń gbà, náà ní ìdààmú tirẹ̀. Sípíríǹgì ló ń dá a padà. Bí ìyípo bá ju agbára sípíríǹgì lọ, fáàfù ò ní lè tẹ̀ lé kámú (ọ̀pá tó ń ṣí i) mọ́. Á máa léfòó, písítìn á sì pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹni tó bá yí kámú padà láì yí sípíríǹgì padà, tí kò sì wọn àlàfo tó wà láàárín fáàfù àti písítìn, ń wá wàhálà.

Ìwọ̀n kan wà tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì máa ń wò: bí písítìn ṣe ń yára sí ní ìpíndọ́gba. Ẹ sọ ọ̀nà tí písítìn ń rìn di ìlọ́po méjì, ẹ wá fi iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀. Ti S2000 yẹn, tí písítìn rẹ̀ ń rin mílímítà 84, jẹ́ mítà 25.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní 9,000, kò sì sí ọkọ̀ títì púpọ̀ tó kọjá ibẹ̀. Honda rí i ṣe torí pé gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì lásán tò fún títì, èrò tèmi ni pé kó fi ìyípo sí 7,000 tàbí 7,500, kó wá agbára tó kù lọ sọ́dọ̀ títóbi ẹ́ńjìnnì tàbí tọ́bò kékeré.

Ìbúgbàù, apànìyàn inú sílíńdà

Bí mo bá ní láti yan ohun kan ṣoṣo tó ń pa ẹ́ńjìnnì alágbára jù, òun ni mo máa mú. Nígbà tí nǹkan bá ń lọ déédéé, plọ́ọ̀gì á ta iná, iná náà á sì máa rìn láti ẹ̀gbẹ́ plọ́ọ̀gì títí tó fi jó afẹ́fẹ́ àti epo tó kù tán. Ìfúnpá ń ga ní pẹ̀lẹ́, ó sì ń ti písítìn sísàlẹ̀. Àmọ́ bí apá tó jìnnà sí plọ́ọ̀gì bá ti gbóná jù tó sì ti fún jù, kò ní dúró de iná tó ń bọ̀. Á bú gbàù fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbì tó jáde látinú rẹ̀ á máa lu ògiri sílíńdà àti orí písítìn bí òòlù. Lójoojúmọ́, irin ibẹ̀ ní afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tutù díẹ̀ tó ń bò ó kí iná má bàa kàn án tààrà. Ìgbì yẹn á gbá ààbò náà dànù, orí písítìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ibi tí ríǹgì jókòó sí á sì dá.

Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó wà lórí ìdarí lè má gbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí díẹ̀díẹ̀, ẹ lè gbọ́ kíkọ kékeré bí ẹni gbọn òkúta sínú agolo. Ní 6,000, pẹ̀lú ariwo sàlẹ́ńsà, kò sí etí tó lè mú un. Sẹ́ńsọ̀ ló ń gbọ́ ọ, tàbí ẹni tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbi búlọ́ọ̀kù nígbà tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà tó ń darí epo àti iná ẹ́ńjìnnì.

Kí ló ń fà á? Epo tí nọ́ńbà ọkítéènì rẹ̀ (ìwọ̀n bí epo ṣe ń kọ̀ láti bú fúnra rẹ̀) kéré sí ohun tí ẹ́ńjìnnì fẹ́, iná plọ́ọ̀gì tó tètè ta jù, epo tó kéré sí afẹ́fẹ́, ìfúnpọ̀ tó ga jù, àti lékè gbogbo rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná. Níbi afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí ni tọ́bò ti ń kó báni. Afẹ́fẹ́ tó wọlé ní 30°C, tí tọ́bò fún dé ìlọ́po méjì ìfúnpá òde, lè jáde ju 120°C lọ. Ẹni tó bá ti irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú sílíńdà láì kọ́kọ́ tù ú, ó ti múra ìbúgbàù sílẹ̀. Iṣẹ́ íńtákúlà nìyẹn. Bí owó bá kéré, íńtákúlà ńlá tó dáa ni kí ẹ rà ṣáájú tọ́bò ńlá, kò sí àní-àní lọ́kàn mi nípa ìyẹn.

Epo tó dáa tún ń ran èèyàn lọ́wọ́. Epo tí wọ́n fi étánọ́ọ̀lù púpọ̀ sí, irú E85, máa ń tu afẹ́fẹ́ lára gan-an bó ṣe ń di oru, kì í sì í tètè bú. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì máa mu nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé iye tó ń mu tẹ́lẹ̀, nítorí náà pọ́ǹpù epo àti ìńjẹ́tọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi tó. Bí pọ́ǹpù ò bá lè gbé e dé òkè, epo á gbẹ níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á sì yọ́. Fún epo lásán pẹ̀lú tọ́bò, àwọn tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà máa ń jẹ́ kí epo pọ̀ ju 14.7 yẹn lọ nígbà tí awakọ̀ bá tẹná mọ́lẹ̀: nǹkan bíi 11.5 sí 12 afẹ́fẹ́ sí epo kan. Epo àléwá yẹn ń tu sílíńdà.

Tọ́bò tún ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà ba kọ́nródì jẹ́, tí kò kan ìyípo gíga rárá. Bí ìfúnpá rẹ̀ bá dé gbogbo rẹ̀ ní 2,500, nígbà tí písítìn ń rìn pẹ̀lẹ́, ipá iná á ti kọ́nródì débi tó fi máa tẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó dáa á jẹ́ kí tọ́bò wọlé díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo agbára tó dé ní 4,000 sókè. Kò ní dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀yìn òun lẹ̀ mọ́ àga lójijì, àmọ́ kọ́nródì á dúpẹ́.

Àlàfo tí ojú ò rí

Ohun tí àwọn oníbàárà kì í béèrè nìyí, torí pé kò sí nínú páálí, kò sì ṣeé yà fọ́tò. Bí ibi tí kọ́nródì ti di kíráǹkì mú bá fẹ̀ ní mílímítà 50, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín rẹ̀ àti bẹ́ríǹgì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kíráǹkì ń yí nínú rẹ̀) jẹ́ nǹkan bíi 0.05 mílímítà. Inú àlàfo yẹn ni ọ́ìlì ń gbà, kíráǹkì sì ń léfòó lórí rẹ̀. Irin ò kan irin. Bí àlàfo bá kéré jù, ọ́ìlì ò ní lè wọlé tó, á gbóná. Bó bá pọ̀ jù, ọ́ìlì á ṣàn dànù, ìfúnpá á wálẹ̀. Máíkírómítà àti gééjì ni wọ́n fi ń wọn èyí, ibi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó kàn fi ọwọ́ yí kíráǹkì tó ní "ó ń yí dáadáa" ò tíì wọn nǹkan kan.

Ẹ wo ríǹgì náà, èyí tó yí písítìn ká tó sì ń dí àyè mọ́ ògiri sílíńdà. Ríǹgì kì í ṣe òrùka tó dé pọ̀. Ẹnu rẹ̀ ní àlàfo. Ní sílíńdà tó fẹ̀ ní mílímítà 86, tí kò sí tọ́bò, àlàfo ríǹgì òkè lè jẹ́ nǹkan bíi 0.4 mílímítà. Pẹ̀lú tọ́bò tó ń fún afẹ́fẹ́ gan-an, ó yẹ kó ju 0.5 lọ, torí pé ìgbóná á mú ríǹgì náà gùn sí i. Bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá kanra, kò síbi tó máa gbà mọ́. Á há mọ́ ògiri sílíńdà, á sì fa òkè písítìn ya kúrò lára ìyókù. Èèyàn á tú ẹ́ńjìnnì náà, á sọ pé písítìn tóun rà ò dáa. Fáìlì kékeré tí ẹnìkan ò fi ha ẹnu ríǹgì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fà á.

Ní ti písítìn fúnra rẹ̀, irú méjì ni wọ́n sábà máa ń lù. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4032 ní sílíkónì tó tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í wú púpọ̀ bó bá gbóná, torí náà àlàfo rẹ̀ nínú sílíńdà lè kéré. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2618 ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní sílíkónì, ó lè fara da ìyà gan-an, àmọ́ ó máa ń wú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún un láyè. Ní àárọ̀, kó tó gbóná, á máa lu ògiri sílíńdà. Fún mọ́tò tó ń rin títì lójoojúmọ́, mo fara mọ́ 4032, àyàfi bí tọ́bò bá pọ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra 2618 nítorí pé òun ni àwọn tó ń sáré ìdíje ń lò. Àwọn yẹn kì í tan mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ láti fi lọ síbi tí kò ju kílómítà mẹ́ta lọ.

Nígbà tí wọ́n bá ń fẹ̀ sílíńdà, ẹ béèrè bóyá wọ́n fi àwo irin tó nípọn dè é lórí. Bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà (ìdérí tó wà lórí búlọ́ọ̀kù) máa ń fa búlọ́ọ̀kù débi tí ihò sílíńdà á fi yí padà díẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ ní roboto láìsí àwo yẹn, á pàdánù roboto rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá di tọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Àwo náà ń jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ nígbà tó ti wà ní ìrísí tó máa ní lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń jù nù láìmọ̀: púlì (àgbá kékeré tó ń yí bẹ́líìtì) iwájú kíráǹkì tó ní rọ́bà nínú. Àwọn kan á yọ ọ́, wọ́n á fi èyí tó fúyẹ́ sí i. Rọ́bà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Gbogbo ìgbà tí iná bá bú nínú sílíńdà kan ni kíráǹkì ń lọ́ díẹ̀ tó sì ń tú padà, rọ́bà náà ló ń pa ìgbọ̀nrìrì yẹn. Bí kò bá sí, kíráǹkì lè sán, pọ́ǹpù ọ́ìlì tó wà níwájú rẹ̀ á sì jìyà.

Ọ́ìlì àti omi

Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, ọ́ìlì sì ni orí ẹ́ńjìnnì alágbára. Mọ́tò asáré máa ń gba kọ́nà pẹ̀lú eré. Bó ṣe ń gba kọ́nà, ọ́ìlì inú páànù (àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) á ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì gun ògiri. Bí ẹnu páìpù tó ń fa ọ́ìlì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, afẹ́fẹ́ ló máa fà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìsí ọ́ìlì ní ìyípo gíga tó láti ba bẹ́ríǹgì jẹ́, ìbàjẹ́ yẹn kì í sì í yọjú lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ẹ máa gbọ́ ariwo. Àwọn ilẹ̀kùn kékeré nínú páànù tó ń dá ọ́ìlì dúró yí ẹnu páìpù ká ló kọ́kọ́ yẹ kí ẹ ní. Ẹni tó bá ń lọ sí pápá ìdíje nígbà púpọ̀ lè lọ sí ètò tó ń kó ọ́ìlì sí táǹkì lọ́tọ̀, bí èyí tí LS7 ní láti ilé iṣẹ́.

Òfin àtijọ́ kan ní kí ìfúnpá ọ́ìlì tó nǹkan bíi psi 10 (psi ni wọ́n fi ń wọn ìfúnpá) fún gbogbo ìyípo 1,000. Ó ṣì wúlò bí ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbóná ọ́ìlì ni kí ẹ máa ṣọ́: 90 sí 110°C dáa, bó bá kọjá 130°C, ẹ dẹ ẹsẹ̀. Àwọn kan á ra kúlà ọ́ìlì ńlá láìsí tẹ́mósítáàtì (ohun tó ń dí ọ̀nà títí ọ́ìlì tàbí omi á fi gbóná tó) lórí rẹ̀. Lójú títì, ọ́ìlì wọn ò ní gbóná tó láéláé, omi àti epo tó ń jò wọ inú rẹ̀ ò ní lè gbẹ, ọ́ìlì á sì di omi lásán. Kúlà tó ní tẹ́mósítáàtì ni kí ẹ rà.

Ní ti omi, ẹ fi sọ́kàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára epo ló ń dé kíráǹkì. Ìyókù ń bá ẹ̀fín jáde, tàbí ó ń lọ sínú omi rẹdiétọ̀. Bí ẹ bá ń fa kìlówáàtì 300 jáde, ìgbóná tó sún mọ́ iye kan náà ni rẹdiétọ̀ gbọ́dọ̀ jù dànù nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Rẹdiétọ̀ ńlá dáa, àmọ́ kí ẹ tó rà á, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà níbẹ̀. Bí àlàfo bá wà yí i ká, afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kò ní gba inú rẹ̀ kọjá. Fífi pátákó pẹlẹbẹ dí àwọn àlàfo yẹn máa ń ṣiṣẹ́ tó yani lẹ́nu. Ẹ má sì gbà fún mẹkáníìkì tó bá ní kí ẹ yọ tẹ́mósítáàtì dànù kí ẹ́ńjìnnì lè tutù. Ẹ́ńjìnnì tí kò dé ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ ń jẹ ara rẹ̀ ni.

Kọ̀ǹpútà àti ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tan án

Gbogbo ohun tí mo ti sọ lè ṣòfò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì bí onítọ̀hún bá ń lépa nọ́ńbà. Lórí dáínò, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì, bó ṣe ń jẹ́ kí iná plọ́ọ̀gì tètè ta sí i ni agbára ń pọ̀ sí i, títí á fi dé ibi tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ sí i mọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìfúnpá inú sílíńdà nìkan ló ń ga. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n digirí méjì tàbí mẹ́ta. Ó lè ná yín ní agbára ẹṣin mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ ò ní mọ̀ pé ó lọ. Ọjọ́ tí epo tí ẹ rà ò bá dáa tó, tí oòrùn sì mú, digirí yẹn ló máa gba ẹ́ńjìnnì là.

Ẹ ní kó kọ ààbò sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kọ̀ǹpútà òde òní lè gé agbára fúnra wọn bí ìfúnpá ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, bí ìfúnpá epo bá wálẹ̀, tàbí bí sẹ́ńsọ̀ inú sàlẹ́ńsà bá rí i pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Sẹ́ńsọ̀ mélòó kan ni, iye wọn ò tó ìdá mẹ́wàá iye ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ sì ní kó lo àkókò lórí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tan láàárọ̀ àti bó ṣe ń rìn nígbà tí ẹsẹ̀ fúyẹ́ lórí iná. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì títì ti ń lo ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí epo bá pọ̀ jù nígbà tó tutù, á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ríǹgì á sì tètè jẹ.

Kí wọ́n tó tan án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yẹ kí wọ́n yọ plọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi sítátà yí i títí ìfúnpá ọ́ìlì fi yọjú. Lẹ́yìn tó bá ti tan, ẹ má fi sílẹ̀ kó máa jókòó hùn-ùn fún wákàtí kan. Ríǹgì nílò ìfúnpá láti fi bá ògiri sílíńdà mọra: ẹ wà á, ẹ tẹná díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ fa mọ́tò dúró, ẹ tún un ṣe, láì jẹ́ kó yí lọ sókè jù. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ yẹn, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Ẹ gé fílítà náà, ẹ tẹ́ páálí inú rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Eruku irin díẹ̀ kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù ní ìgbà àkọ́kọ́. Èérún tó pọ́n bíi bàbà túmọ̀ sí pé bẹ́ríǹgì ti ń jẹ. Èyí tí máágínẹ́ẹ̀tì lè gbé, irin ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti wá kí ẹ tó tún un tan.

Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ìwé ni kí ẹ bi í. Àlàfo bẹ́ríǹgì kọ̀ọ̀kan, àlàfo písítìn nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹnu ríǹgì, bí bóòtù kọ́nródì kọ̀ọ̀kan ṣe nà tó, ìwúwo písítìn kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Lẹ́yìn tí ríǹgì bá ti jókòó, kí ó ti afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ iye tó ń jò: bí kò bá tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí gbogbo sílíńdà sì sún mọ́ra, iṣẹ́ náà dáa. Ẹ fi ìwé yẹn pamọ́. Ní ọdún méjì sí i, bí ẹ bá tún wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ ló máa sọ fún yín sílíńdà wo ló ti ń bàjẹ́, kí ẹ lè tú u kí ó tó fọ́.